Ẹni Iwájú Kẹ̀kẹ́ Tó Dákẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo mọ àwa èèyàn: a ó ka orí ọ̀rọ̀ lásán, a ó ní a ti gbọ́. Èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní ìdajì.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹsẹ̀-Iná ni wọ́n ń pè é, nítorí bó bá ti gun kẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó lè lé e bá ládùúgbò. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tí àìsàn ti gba ojú rẹ̀ láti kékeré. Apẹ̀rẹ̀ ni àbúrò yìí ń hun. Ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Bó bá fọwọ́ kan aṣọ, yóò sọ ẹni tó ni ín. Bó bá fọwọ́ kan ojú èèyàn, yóò mọ̀ bóyá inú ẹni náà dùn.

Nígbà tó yá, àwọn kan kéde ìrìn àjò kẹ̀kẹ́ láti etí orílẹ̀-èdè wọn dé etí kejì, kí aráyé lè ṣèrànwọ́ láti kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn akanda ẹ̀dá. Àbúrò ní òun fẹ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì wà: ẹni tó ríran a jókòó síwájú, a máa darí; ẹni tí kò ríran a jókòó sẹ́yìn, àwọn méjèèjì a sì jọ máa fẹsẹ̀ wà á.

Ìyá wọn ò kọ́kọ́ gbà. Àbúrò bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò sáré rí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú òun rìn. Ìyá gbà, ó wá yíjú sí Ẹsẹ̀-Iná.

"Mo fà á lé ọ lọ́wọ́ o."

2.
Obìnrin kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣáájú ìrìn àjò náà. Ó kó gbogbo àwọn tó máa jókòó síwájú jọ, ó fún wọn lófin kan: ẹnu wọn ò gbọdọ̀ sinmi. Bí kòtò bá wà, kí wọ́n pè é. Bí gegele bá wà, kí wọ́n pè é kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yà, tàbí wọ́n fẹ́ tẹ bíréèkì, kí wọ́n wí, kí ẹni ẹ̀yìn lè di kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, kó sì múra sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìdíje, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè jẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ bá rí wọn níbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀-Iná ń pe kòtò, ó ń pe gegele, ó tún ń fi jàrá sí i: "Kòtò lọ́tùn-ún. Àwọn ewúrẹ́ ń kọjá, ọ̀kan ń wò ọ́ bí àna tí o ò kí." Àbúrò a bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé ayé fẹ̀ tó báyìí.

3.
Wọ́n dé ìlú kan tí èrò ti ń dúró dè wọ́n. Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ó ya Ẹsẹ̀-Iná bó ṣe ń wọlé ṣáájú gbogbo èèyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán náà ti kárí, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Akọni tó gbé afọ́jú rìn." Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àbúrò náà ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹnì kankan.

Láti ọjọ́ náà ni orí rẹ̀ ti wú. Ó fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò máa kọ́kọ́ wọ gbogbo ìlú. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ sísọ ń gba èémí òun, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Kòtò ńlá nìkan ló ń pè. Nígbà tó ṣe díẹ̀, kò pe èyíkéyìí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ ń mú kó rẹ̀ mí. Ṣáà máa wà á, mo wà níwájú."

"Ẹ̀rù ń bà mí tẹ́ ẹ bá ti dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rántí pé afọ́jú ni mí."

Ẹsẹ̀-Iná rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé òun lè mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ ìyá òun ṣubú ni. Àbúrò ò bá a jiyàn. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

4.
Ìrìn àjò náà ku díẹ̀ kó parí. Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú ìlú tó kẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà níwájú wọn. Ẹsẹ̀-Iná fẹ́ yà á sílẹ̀. Ó rí ibi tí ọ̀dà ti ṣí, tí kòtò là sójú ọ̀nà. Ó rí i dáadáa. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó tẹ̀ sósì, ó fà á yà, kò sì sọ nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ kọjá. Àbúrò tó wà lẹ́yìn ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yà, ó kàn jókòó ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ já sínú kòtò, ó ta á nù, ó sì na ọwọ́ méjèèjì láti fi gba ara rẹ̀. Orí òkúta ni ọwọ́ náà balẹ̀ sí.

Kò kú. Àwọn dókítà ní egungun á jinná, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára ti bàjẹ́, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Nígbà tí ìyá wọn dé, ó gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ojú ara rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ò mọ ohun tí òun fọwọ́ kàn. Obìnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lọ sunkún.

Wọ́n parí ìrìn àjò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀-Iná jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní ọ̀nà ló burú, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Àbúrò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí kòtò yẹn?"

Ó lè parọ́. Bó bá ní òun ò rí i, ọ̀rọ̀ á di ti àìmọ̀, àbúrò á sì gbà á gbọ́, nítorí kò sí ohun tó sọ fún un rí tí kò gbà gbọ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè parọ́.

"Mo rí i."

Àbúrò yí ojú sí ògiri. Títí di òní, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹsẹ̀-Iná ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wọṣọ fún un. Àbúrò máa ń dúpẹ́. Àmọ́ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ pé kí ló wà lọ́nà.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹni tó gbójú lé yín, ẹ má sọ ọ́ di àkàbà tí ẹ fi ń gun òkè ìyìn. Ẹ má jẹ́ kí àtẹ́wọ́ dí yín létí sí ohùn ẹni tí ẹ tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìlera, ohun tí ẹ bá rí, ẹ wí i kó tó ṣẹlẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.