Onígbàjámọ̀ Tí Kò Rí Orí

Onígbàjámọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Má-sún-un. Àléébù rẹ̀ kò fara sin: kò fẹ́ kí ohunkóhun yẹ̀ kúrò níbi tí òun bá fi í sí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sún àga ní pálọ̀, ìjà dé nìyẹn. Nígbà tí obìnrin náà bí ìbejì, ọkùnrin yìí bínú pé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan ṣoṣo lòun ti tò sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ó ń bínú sí ìkókó pé wọ́n pé méjì! Èmi ò mọ irú ọpọlọ tó wà lábẹ́ irun yẹn.

Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ omi kó ṣọ́bìrì àti dígà dé, wọ́n fẹ́ ri páìpù mọ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ó jìn débi pé bí wọ́n bá dúró nínú rẹ̀, orí wọn nìkan lèèyàn ń rí.

Ọ̀gá wọn nàgà sókè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ṣé ká fi pákó dábùú kòtò, kí àwọn oníbàárà yín lè rọ́nà kọjá?"

"Pákó ẹlẹ́rẹ̀? Lẹ́nu ọ̀nà mi? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi!"

Ó jókòó, ó káwọ́ gbera. Oníbàárà kan ò lè wọlé. Ìyá Ìbejì yọjú láti inú ilé.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń wò?"

"Ìparun mi ni mò ń wò."

"Èmi ò rí ìparun o. Orí ni mo rí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò lọ bẹẹrẹ, tí eruku bo irun wọn. Bẹ́ ẹ bá gbé àpótí sétí kòtò, orí wọn á bá ọwọ́ yín ṣe rẹ́gí."

"Kí n máa fárí èèyàn nínú kòtò? Ṣé àlùbọ́sà ni mò ń tu ni?"

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí, baálé mi. Àwọn olórí ló wà níta yìí."

Ṣùgbọ́n ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Má-sún-un ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun títí wọ́n á fi dí kòtò.

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí la máa jẹ?"

"Ẹ máa jẹ orí tí o rí!"

Ẹ ò rí ayé! Ọkùnrin bàǹtà-banta ń sá fún kòtò, ó fi ọmọ sílẹ̀ sétí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ò sunkún. Ó gbé àpótí ìdáná jáde, ó mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gẹrun àwọn ọmọ, ó sì fi aṣọ ìnura wọn bo èjìká ọ̀gá òṣìṣẹ́.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ ẹ bá mirí, etí á bá irun lọ."

Ẹ̀rín sọ nínú kòtò. Bí ọ̀kan ṣe ń ṣe tán ni òmíràn ń sún wá. Àwọn fúnra wọn ló tẹ́ pákó fún un. Àwọn oníbàárà àtijọ́ rí pákó, wọ́n gorí ẹ̀ kọjá, wọ́n bá a dé ẹ̀yìnkùlé, ibi tó gbé àpótí rẹ̀ lọ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Kí wọ́n tó dí kòtò, gbogbo àdúgbò ti mọ ọwọ́ Ìyá Ìbejì.

Ìgbà tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni Má-sún-un dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbọn aṣọ funfun rẹ̀, ó dúró. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kí i, wọ́n ń kọjá.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ibo lẹ ń lọ?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni o. Ẹ kú ìsinmi!"

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà kan wọlé, inú rẹ̀ dùn. Àga rẹ̀ ni wọ́n wá gbé! Wọ́n ní àpótí ń dùn wọ́n nídìí.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Irun Má-sún-un náà di igbó. Ó rọra yọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Ìbejì, orí mi rè é o."

"Mo rí i," ìyàwó rẹ̀ ní, kò wẹ̀yìn. "Ẹ tò sẹ́yìn wọn. Ẹ sì mú ìgbálẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ máa gbálẹ̀ bọ̀ kó tó kàn yín."

Ibi tí mo ti rí i gbẹ̀yìn nìyẹn: ó ń gbá irun jọ nídìí àga tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ojú ọ̀tá wo gbogbo ohun tó bá da ètò yín rú, nílé àti níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà tí ẹ mọ̀, ẹ bínú díẹ̀, kò burú, èmi náà ń bínú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún un wò, kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè ohun tó gbé wá. Ẹni tó bá kọ̀ láti lo orí ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jèrè orí tó tò síwájú ilé rẹ̀.