Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Àǹtí Bùkọ́lá ní Houston

Nígbà tí Àǹtí Bùkọ́lá dé Houston lọ́dún 1986, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Láyíwọlá. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gbà á sí ẹnjinníà sì ti dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé. Ìyá rẹ̀ ló ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó lè rán an wá sí Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí kò tíì ròyìn ọmọ rẹ̀ ẹnjinníà fún ní gbogbo Ìlá. Láyíwọlá gbà pé bí ìyá òun bá gbọ́, ọ̀rọ̀ náà á pa á. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ gbọ́.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Bùkọ́lá, tíṣà ni wọ́n. Wọn ò kọ lẹ́tà ṣáájú. Wọ́n kàn fóònù láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú, Láyíwọlá béèrè ohun tó gbé wọn wá lójijì bẹ́ẹ̀.

“Mo fẹ́ rí ẹ ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Ó béèrè màmá rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ilé ń kí i.

Ó ti kúrò nílé tó ń gbé ní Missouri City, ó ti kó wá sí fúláàtì kan tí kò wọ́n, níbi tó jẹ́ pé àwọn ará Mexico àti El Salvador ló kún ibẹ̀. Ó ní ìtòsí ibi iṣẹ́ ni òun ń wá. Àǹtí Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wo ìsọ̀ búrẹ́dì, ìsọ̀ onígbàjámọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì. Èdè Sípéènì ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn rò pé Amẹ́ríkà làwọn wọ bàálù wá. Láyíwọlá rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àǹtí Bùkọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò tó ti gbà rí máa ń béèrè ibi tí ọjà ńlá wà kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Èyí ò béèrè ọjà. Wọ́n béèrè bóyá Yorùbá kankan wà nítòsí.

“Kò sí, Àǹtí. Àwọn ará church wa nìkan ni, wọ́n sì jìnnà.”

“Téèyàn bá ké níbí, ta ló máa gbọ́?”

“Àwọn Spanish yìí á gbọ́, àmọ́ wọn ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wí.”

“Igbe ò nílò ògbufọ̀,” ni Àǹtí Bùkọ́lá wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Láràárọ̀, Láyíwọlá á de táì, á gun títì márosẹ̀, á lọ jókòó sínú ọjà ńlá kan ní Humble níbi tí ojúlùmọ̀ kankan ò ti lè rí i. Kò ronú ohunkóhun níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró ni ara rẹ̀ ti kú, nǹkan kan ò dùn ún, nǹkan kan ò sì dùn mọ́ ọn. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á bá oúnjẹ lórí tábìlì. Àǹtí Bùkọ́lá á jókòó tì í títí á fi jẹun tán, wọn ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan tiwọn. Ó gbà pé nítorí òun rù ni.

Ọjọ́rú ló máa ń fóònù sílé dókítà tó jẹ́ aládùúgbò ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè pè é wá. Bó ṣe fẹ́ gbé fóònù, Àǹtí Bùkọ́lá ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé láti ìgbà tí òjò ti wó òpó ni fóònù dókítà ò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Irọ́ kan ti dín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó délé, ó bá Consuelo, obìnrin ará Mexico tó ń gbé fúláàtì kejì, lórí àga ní pálọ̀. Ó ti gbé àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi háríhá wé wá, Àǹtí Bùkọ́lá sì ní ó jọ ẹ̀kọ tí ẹran há sí láàárín. Ọmọbìnrin Consuelo tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ fún wọn. Ojú Consuelo pọ́n. Bó ṣe ń jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Láyíwọlá mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ já. Kí Àǹtí Bùkọ́lá tó dé, ìgbà mélòó ni Consuelo ti rí i tó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé lọ́sàn-án gangan? Kò tíì bọ́ táì tí Àǹtí Bùkọ́lá fi béèrè ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ wọn àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó ní Bàbá Adélékè ni. Àǹtí Bùkọ́lá bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù nínú yàrá, ilẹ̀kùn ní títì. Láyíwọlá jókòó sí pálọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a, tirẹ̀ ò sì tíì pé ọdún kan. Ojú tì í.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ni Àǹtí Bùkọ́lá jí i. Wọ́n ní kó mu ògì kó tó di pé àlejò dé. Kò tíì mu ún tán tí Bàbá Adélékè àti ìyàwó wọn fi wọlé, pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti ìjọ. Àwọn ọkùnrin náà jókòó sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Consuelo dúró síta lẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀. Láyíwọlá ò lè dúró mọ́, ó dọ̀bálẹ̀.

“Mo mọ ohun tó gbé yín wá, sà. Wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́, ó ti pẹ́. Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́.”

Àǹtí Bùkọ́lá wo Bàbá Adélékè. Bàbá Adélékè wo ìyàwó wọn. Ó hàn lójú gbogbo wọn pé wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan rí.

“Láyíwọlá, ọmọ mi, dìde,” ni Bàbá Adélékè wí, bí àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe di apá rẹ̀ mú, “wọ́n ti sin màmá ẹ kí àǹtí ẹ tó wọ bàálù.”