Igi Tútù Tí Adégbìtẹ́ Gbé Kọ́rùn

Gìtá Adégbìtẹ́ là lójú kámẹ́rà ní Sokoto, ní oṣù Kejìlá ọdún 1982. Ṣùgbọ́n gìtá ẹlòmíràn ló bàjẹ́ jù. Ẹ má fojú fò ó o, ẹ kà á títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, nítorí irú Adégbìtẹ́ wà ládùúgbò yín.

1.
Adégbìtẹ́, tíṣà ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ẹgbẹ́ olórin kan tí ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì ní àdúgbò Mabera ní Sokoto. Bùsàrí ló ń ta gìtá fún wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kofar Rini ní Sokoto níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tàjúdíìn, ló ra gìtá náà bọ̀ láti Jiddah kó tó kú. Òun ni Bùsàrí fi ń bọ́ ìyá wọn.

Họ́mbọ́kà méjì ló wà lára gìtá yìí. Mágínẹ́ẹ̀tì tí a wé wáyà mọ́ ni, oníwáyà méjì. Ó ń gba ohùn okùn, kì í sì í jẹ́ kí gìtá máa kùn bí iná bá wà nítòsí. Gìtá tí Adégbìtẹ́ fúnra rẹ̀ ní kò ní in. Bí wọ́n bá ti tan iná òtẹ́ẹ̀lì, gìtá rẹ̀ á di eṣinṣin inú agolo.

2.
Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ní àwọn ń bọ̀ wá ya wọ́n. Bí Adégbìtẹ́ ṣe ní òun gan-an ni yóò ta gìtá nìyẹn, pé òun á ṣe tuntun. Ó ní kí wọ́n fi lọ́rì gbé pákó ọ̀gànwó wá fún òun láti Oǹdó.

Bùsàrí fọwọ́ kan pákó náà. “Ẹ̀gbọ́n, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé. Ṣé ẹ ò rí bí ọyẹ́ ṣe ń la ilẹ̀kùn tí wọ́n bá gbé wá láti ìhà gúúsù ni? Madaci gbígbẹ wà lọ́dọ̀ Mamman káfíńtà. Igi ilẹ̀ yìí ni, ìbátan ọ̀gànwó.”

Adégbìtẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Madaci! Igi tí Kulu alágbo ń se èèpo rẹ̀ fún ọmọ tí inú ń run? Kí n wá gbé àgbo kọ́rùn lórí tẹlifíṣọ̀n?”

“Wallahi, pákó yín yìí máa là.”

“Gámbàrí ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa pátápátá. Yá mi ní họ́mbọ́kà rẹ.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ò ṣeé yá.”

“Ta ló ni ẹgbẹ́?”

Bùsàrí dá gìtá rẹ̀ padà sínú àpótí.

3.
Ilé Adégbìtẹ́ ní àdúgbò Minanata ni gbogbo ohun èlò ẹgbẹ́ ń wà. Bùsàrí lọ kírun Jímọ̀. Kó tó dé, ọ̀gá rẹ̀ ti tú gìtá òkú ọ̀run, ó yọ họ́mbọ́kà méjèèjì, ó fi wọ́n sára gìtá tuntun tó ti fi pákó tútù náà ṣe, ó dé àpótí Bùsàrí padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ pe ìyẹn ní yíyá bí ẹ bá fẹ́. Olè ni.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń ya wọ́n, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ti bó. Orin kejì ni wọ́n wà tí igi náà ké pàá. Ó là láti ìdí okùn dé ọrùn, ó gba ihò tí họ́mbọ́kà wà kọjá, ó fa wáyà wọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gìtá dákẹ́.

Mojísọ́lá tó ń kọrin kígbe pé, “Bùsàrí, gbé tìrẹ wá!”

Ó ṣí àpótí rẹ̀. Ihò méjì ló ń wò ó.

“Wáyà lásán ni,” ni Adégbìtẹ́ wí. “Màá ra òmíràn.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, “ẹ” ni Bùsàrí ń fi pè é. Ó dẹ́kun níbẹ̀. “Ra èwo? Ṣé o máa jí Tàjúdíìn dìde kó padà lọ sí Jiddah ni? Adégbìtẹ́, o ti pa mí.”

Àwọn onítẹlifíṣọ̀n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ẹgbẹ́ tú ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ gbọ́ o: ẹni tó mọ ilẹ̀ bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Bí ẹni tó ni nǹkan bá ní “rárá,” ẹ fọwọ́ yín sápò. Jíjẹ́ ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ìwé àṣẹ olè. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Adégbìtẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú láìra nǹkan kan. Ní ọdún 1987, Bùsàrí ń ti ọmọlanke ní Kofar Rini, kò sì ní gìtá.