Olúṣọlá Tó Fi Ijó Àgbà Ṣẹ̀sín

Olúṣọlá kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Ẹ̀gàn ni tirẹ̀. Kò sí ohun tó rí tí kò lè fi ṣẹ̀sín, bó bá sì ti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín tán, kò bìkítà nípa ẹni tó fi ṣe é. Ìwà yìí ló gbé lọ sí yunifásítì, òun náà ló sì gbé bọ̀.

Ijó ló lọ kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ ọ ní Ìlọrin lọ́dún 1971, ẹnu yà wá. Àwa tí a jọ ń gbé nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà ń bi ara wa pé, "Ijó kẹ̀? Wọ́n tún ń kàwé ìyẹn ni?" Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtá, ni kò jẹ́ ká gbádùn ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ó ní. "Ohun tí Ọlọ́run fi sí i lẹ́sẹ̀ ló lọ kọ́."

Obìnrin náà fẹ́ràn ijó, ó sì nídìí. Àwọn obìnrin Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé Ìlọrin ní ẹgbẹ́ kan nígbà náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ẹgbẹ́ á jó tẹ̀lé pósí láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé gáréèjì, níbi tí ọkọ̀ á ti gbé e lọ sílé ní Ọ̀mù-Àrán. Ìyá Olúṣọlá ti jó sin ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí wọ́n jó sin òun náà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló máa ń ṣáájú. Bí kò bá tíì gbé ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé e. Àìsàn ti ba ẹsẹ̀ òsì obìnrin yìí jẹ́ láti kékeré, síbẹ̀ bó bá ń jó, omijé á bọ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Lọ́dún 1974, Olúṣọlá gba dìgírì rẹ̀, ó padà dé. Ó ní òun fẹ́ fi ijó han ìlú ní gbọ̀ngàn kan ní Táíwò Road. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ, ó sì fi Ìyá Abọ́sẹ̀dé jókòó níwájú pátápátá.

Nígbà tó yá, Olúṣọlá fúnra rẹ̀ jáde. Ó ró ìró, ó wé gèlè, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. A mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Ijó tí Ìyá Abọ́sẹ̀dé jó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ lọ sílé ni. Olúṣọlá ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ẹ̀rín sọ. Ìyá Abọ́sẹ̀dé rí i. Ó fa gèlè bojú, ó dìde, ó ń lọ. Bó ti ń tiro jáde ni àwọn kan tún ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n rò pé ara eré ni.

"Ṣọlá, lọ dọ̀bálẹ̀ fún un," ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ìyá, kò yé yín ni. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni. Iyì ni mo bù fún un."

"Iyì wo? Ọmọ mi, òun ni yóò ṣáájú ijó òkú mi."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ ikú mọ́. Bó bá yá, n ó lọ."

Kò lọ. Ọ̀ràn kì í dun ọmọ ẹṣin. A mú ìyá rẹ̀ so, ó ń jẹko kiri. Ó ríṣẹ́ olùkọ́ ìjọba, ó gbàgbé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ń dáhùn bí Olúṣọlá bá kí i, ṣùgbọ́n kò jó mọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kú, orin nìkan ni wọ́n fi sìn ín. Ìyá Olúṣọlá ti ibẹ̀ dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lè jẹun. Ó tún bẹ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní iṣẹ́ ń pa òun.

Lọ́dún 1976, àìsàn kékeré kan gbé ìyá náà lọ. Ìgbà yẹn ni ojú Olúṣọlá tó là. Ó sáré lọ bá Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní. "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló kú, màá wá."

Ó wá lóòótọ́, gbogbo ẹgbẹ́ sì tẹ̀lé e. Wọ́n gbé pósí jáde, ìlù bẹ̀rẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ẹsẹ̀ náà tún padà sílẹ̀.

"Ṣọlá, kì í ṣe ìbínú," ó ní, ó ń sunkún. "Bí mo bá ti fẹ́ gbé e, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni mò ń gbọ́. N kò lè ṣe é."

Nígbà tí kò gbé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Olúṣọlá bọ́ síwájú, ó ń dá jó. Gbogbo ohun tí yunifásítì kọ́ ọ ló jó, pẹ̀lú omijé àti ikun, títí tí wọ́n fi dé gáréèjì. Àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ ń wo ọkùnrin tó ń dá fò sókè níwájú òkú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé pósí sínú ọkọ̀ láìsí ijó ẹgbẹ́, ọkọ̀ sì lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín epo mọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jó mọ́, ẹgbẹ́ náà sì tú ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má kàwé ijó. Ìwé kò ṣẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a má fi àbùkù ara ẹlòmíràn tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀ wá ẹ̀rín, bó ti wù kí a mọ̀wé tó. Bí a bá sì ti ṣẹ ènìyàn, kí a tètè lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ṣì lè tún nǹkan ṣe. Ènìyàn lè dárí jini tán pátápátá, kí ohun tí a bà jẹ́ má sì padà sípò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, òkú kì í sì í padà wá kí a tún un sin.