Ìbọn Tó Kọjá Igi Àjàgbọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á parí, ìparí rẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

1.
Ní Karamoja, ilẹ̀ àwọn darandaran, ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ òkè. Àwọn ará òkè àti àwọn ará odò ń pa ara wọn nítorí màlúù, síbẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì Nakiru ló ṣòfin: ẹni tó bá dé, kó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ sórí igi àjàgbọn ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́jọ gbáko, ẹnikẹ́ni ò yìnbọn níbẹ̀. Orí ibùsùn kan náà ni Nakiru ti ń gbẹ̀bí ìyàwó ará òkè àti ti ará odò.

2.
Ruben, òyìnbó tó ń yẹ ilé ìwòsàn abúlé wò, dé pẹ̀lú sójà tó ń ṣọ́ ọ. Ó ti pẹ́, abúlé méjì ṣì kù fún un. Lomongin, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, na ọ̀pá dí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Kí sójà yín gbé ìbọn kọ́ síbí."

"Kí wọ́n lè ráyè pa mí?"

"Ta ló fẹ́ pa yín? Ẹ ò tiẹ̀ ní màlúù kan ṣoṣo!"

Àwọn aláìsàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ruben pọ́n. Nakiru sáré jáde.

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má mú ìbọn wọlé. Wọn ò ní gbà wá gbọ́ mọ́."

"Èmi ni mò ń fún yín lóògùn, ìwọ wá ń pàṣẹ fún mi? Bàbá, kúrò lọ́nà!"

Ó ti arúgbó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sójà tẹ̀lé e wọlé.

3.
Ará odò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ló kọ́kọ́ rí ìbọn. "Wọ́n ti tà wá o!" ló ké.

Àwọn èèyàn rẹ̀ ya bo igi àjàgbọn. Àwọn ará òkè náà ya bò ó. Wọ́n yìnbọn síra wọn níbi tí ọwọ́ ti lè kan ọwọ́. Lomongin ṣubú, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọta ya sójà lọ́rùn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹnì kan fi ìdí ìbọn lu ẹnì kejì títí ojú rẹ̀ ò fi ṣeé dá mọ̀. Nakiru fi ara bo abiyamọ kan àti ọmọ rẹ̀. Ọta mẹ́ta wọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọmọ náà yè, Nakiru kú.

4.
Òkú mọ́kànlá la tẹ́ síta. Ọta ti já ọwọ́ ọ̀tún Ruben, ó ń ké pé, "Mi ò mọ̀! Mi ò mọ̀!" Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ fún un.

Èmi tí mò ń kọ èyí, èmi ni mo wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ òfin igi yẹn. Mo panu mọ́, kí ọ̀gá má bàa bínú sí mi. Wọ́n ti ti ilé ìwòsàn náà pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aboyún kan kú sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, bí onílé bá kìlọ̀, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀, ẹ sọ̀rọ̀, bí iṣẹ́ máa bọ́ kó bọ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.