Ìpínrọ̀ Kẹta

Ọlọ́run fún mi ní iṣẹ́ kan láti jẹ́ fún ìjọ: "Sọ fún ọkùnrin tó ń lu ìyàwó ẹ̀ pé mò ń rí i."

Mo kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ kẹta ìwàásù mi.

Akọ̀wé ìjọ ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Alága àwọn alàgbà á bínú. Òun ló dúró fún mi tí mo fi di pásítọ̀ níbí.

"Yọ ìpínrọ̀ kẹta kúrò."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró. "Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó yọ ọ́. Kò wojú mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bá àwọn tó ń pẹ́ dé ìsìn wí. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́.

Alága bọ̀ mí lọ́wọ́. "Pásítọ̀, ẹ wàásù lónìí o!"

Ó wá gbá apá akọ̀wé mú. Akọ̀wé fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tẹ egbò ẹ̀.

"Ìyàwó mi, ó yá, ká máa lọ sílé."

Mo ká ìwé ìwàásù mi bọ àpò.

Níbi iṣẹ́, "sà" ló máa ń pè mí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tí mo bí bojú wẹ̀yìn.

"Dádì, ó dàbọ̀."