Ọmọ́ṣaléwá àti Ọmọ Orogún Rẹ̀ Tó Ń Dúró de Mọ́tò

Ìlara ni àrùn Ọmọ́ṣaléwá ẹlẹ́kọ ní Kétu. Bí ohun rere bá kan ẹlòmíì, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ rẹ̀ ló dára jù lójú títì Ìkòròdú, àwọn awakọ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ ẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára orogún rẹ̀, Morẹ́nikẹ́.

Lọ́dún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ kọjá lórí kan etí kejì. Ọwọ́ Ẹ̀bùnọlá, ọmọ Morẹ́nikẹ́, kan etí. Ti Abọ́dúnrìn, ọmọ Ọmọ́ṣaléwá, kò kàn án, wọ́n sì dá a padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni Ọmọ́ṣaléwá ti kórìíra ọmọ orogún rẹ̀ bí ẹni kórìíra ejò.

Ilé ìwé jìn, mọ́tò onípákó kan ló ń kó àwọn ọmọ láràárọ̀. Morẹ́nikẹ́ a ti lọ ra ẹja létí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ ìyáálé rẹ̀ pé kó máa bá òun fa ọmọ lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ́ṣaléwá gbà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Eyín nìkan ló funfun, inú rẹ̀ dúdú.

Ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilé, tí kẹ̀kẹ́ pàápàá kò lè gbà dáadáa, ló mú Ẹ̀bùnọlá lọ. Ó ní ibẹ̀ ni mọ́tò ń gbà báyìí, bó bá sì kúrò níbẹ̀, òun yóò nà án. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ irọ́ àgbà bí? Láràárọ̀ ló ń dúró nínú ìrì pẹ̀lú síléètì rẹ̀, títí oòrùn fi ń kan àtàrí. Bí Morẹ́nikẹ́ bá béèrè, ìyáálé a ní mọ́tò bàjẹ́. Bí Àyànbọ́lá awakọ̀ bá béèrè, a ní ara ọmọ kò yá. Ó ti gbọ́ pé ọmọ tó bá pa ilé ìwé jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ohun tó ń wá nìyẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé, Àyànbọ́lá sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ wọlé kí ọmọ náà. Ọmọ́ṣaléwá dí ẹnu ọ̀nà.

“Dẹ̀rẹ́bà, ẹ má wọlé. Ṣọ̀pọ̀nná ló ń ṣe é.”

Orúkọ tí àwọn àgbà ń fi ẹnu bò, ó pè é gbangba. Àyànbọ́lá sá padà sínú mọ́tò. Obìnrin náà rò pé ó parí, kò rántí pé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn wolé-wolé tí Àyànbọ́lá lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó létí dé. Wọ́n da gbogbo ẹ̀kọ rẹ̀ sí kòtò, wọ́n dáná sun ẹní, wọ́n wá aláìsàn kiri ilé, wọn kò rí i. Ọ̀nà oko ni wọ́n ti rí Ẹ̀bùnọlá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mọ́tò ti dé?” ni ó bi wọ́n. “Màmá Abọ́dúnrìn ní kí n má kúrò níbí.”

Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, ó mọ́ tónítóní. Ọkọ Ọmọ́ṣaléwá bi í bóyá òun ló ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọkọ ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìkòsí, ṣùgbọ́n kó fi Abọ́dúnrìn sílẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá padà sílé ìwé. Ní Ìkòsí, ẹ̀kọ Ọmọ́ṣaléwá ń kan lórí igbá, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ oúnjẹ ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe àrùn wọlé. Nígbà tó wá wo Abọ́dúnrìn, ó na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà sá lọ di ìró Morẹ́nikẹ́ mú.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ọmọ orogún ẹni, ọmọ ẹni ni. Ẹni tí wọ́n fi ọmọ ṣọ́, kó má di ọ̀tá ọmọ náà. Ìlara kì í sọ ọmọ tiwa di ńlá, irọ́ tí a sì fi dínà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lè gba tiwa lọ́wọ́ wa.